Ẹ Ka Ìdérí Kí Ẹ Tó Da Òróró

 

Lónìí a ò ní sọ̀rọ̀ iṣu, a ò sì ní sọ̀rọ̀ kaṣú. Ọkọ̀ tó ń gbé iṣu àti kaṣú náà ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Mọ́tò àtijọ́ ni, tó ń ti Kambolé lọ sí Tchamba, tó tún ń ti Tchamba lọ sí Sokodé. Ìyá ń wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà. Aláboyún ń wọ̀ ọ́ lọ sí ọsibítù. Púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọdún pípẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù kó tó gúnlẹ̀ sí èbúté Lomé. Àgbà ni wọ́n. Bí àgbàlagbà bá dé sílé ẹni, a máa ń bi í pé, "Bàbá, kí lẹ ń jẹ? Kí lẹ kì í jẹ?" Ó yẹ kí á bi ọkọ̀ àgbà bẹ́ẹ̀ náà. Ọkọ̀ kò lè fọhùn, ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ èsì rẹ̀ sára rẹ̀. Ẹni tó mọ̀wé kà ló máa gbọ́ ọ.

Ẹnì kan lè sọ pé, "Èmi ò ní mọ́tò o." Ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń kọ́? Ẹ̀mí tirẹ̀ náà wà nínú ọkọ̀. Àti pé, mélòó nínú wa ni ọmọ rẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì?

Òróró kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: òróró tó ń jẹ́ kí ìdarí ọkọ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀. Lédè Faransé, wọ́n ń pe ètò yìí ní direction assistée. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ méjì yìí sínú ìwé yín, nítorí ẹ máa rí wọn lára ìgò òróró.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ wo kẹ̀kẹ́ tí awakọ̀ ń dì mú, èyí tí wọ́n ń pè ní volant. Bí awakọ̀ bá yí i, táyà méjì iwájú ló ń yí. Bí ọkọ̀ bá kún fún èrò àti ẹrù, ó ṣòro kí apá ènìyàn nìkan yí wọn. Ní ọdún 1951, ilé iṣẹ́ Chrysler ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òróró ń bá awakọ̀ yí táyà. Lẹ́yìn náà ló tàn dé gbogbo ayé. Pọ́ǹpù kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì ló ń yí i. Pọ́ǹpù náà á fa òróró láti inú ike kékeré kan, á fi agbára ńlá tì í gba inú páìpù lọ síbi irin tó ń yí táyà. Òróró á ti irin, awakọ̀ á kàn máa tọ́ ọ sọ́nà. Lẹ́yìn náà òróró á padà sínú ike rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré, gbogbo òróró náà kò ju nǹkan bíi lítà kan lọ.

Òrùka rọ́bà wà nínú gbogbo èyí. Àwọn ló ń dí ojú irin kí òróró má jò. Ibi rọ́bà yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Wọ́n ti ṣe rọ́bà kọ̀ọ̀kan kó lè bá irú òróró kan gbé. Bí ẹ bá da òmíràn sí i, rọ́bà á wú, tàbí kó rọ̀ bí ẹ̀kọ, tàbí kó le kó sì sán. Nínú ọkọ̀ àtijọ́, rọ́bà ti gbó tẹ́lẹ̀. Kò ní agbára à ń jìyà mọ́.

Awakọ̀ kan wà lágbègbè wa, n ò ní dárúkọ rẹ̀. Òróró ìdarí ọkọ̀ rẹ̀ ń dín kù. Ọmọṣẹ́ rí ìgò kan nínú àpótí irinṣẹ́, ó rí i pé òróró ni, ló bá dà á sí i. Òróró ìjánu ni, èyí tí wọ́n ń fi sí bíréèkì. Lára ìgò náà, wọ́n kọ DOT 4 gàdàgbà. Ọmọṣẹ́ kò lè kà á. Ọkọ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa fún ọjọ́ mélòó kan, ìyẹn ló sì ń tan ènìyàn jẹ. Ní ọjọ́ kan, pẹ̀lú èrò àti àpò iṣu lórí, pọ́ǹpù bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ọmọ ẹran. Òróró tú sílẹ̀. Volant le gan-an lójijì, ní ibi tí ọ̀nà ti fẹ́ yà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé awakọ̀ náà kò sáré, tí apá rẹ̀ sì le. Bí òróró bá tán, ìdarí kì í já, àmọ́ ó máa ń wúwo débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ó ti há. Ẹ fojú inú wo irú rẹ̀ ní ọ̀nà àtijọ́ tó gba àárín àpáta Alédjo, láàárín Sokodé àti Kara!

Òdìkejì rẹ̀ tún burú jù. Ẹ má ṣe da òróró ìdarí sínú ike bíréèkì láé. Rọ́bà bíréèkì á wú, ìjánu kò sì ní mú mọ́. Ibi tí wọ́n bá kọ DOT 3 tàbí DOT 4 sí, ti bíréèkì ni.

Ó dáa, kí ni a ó wá dà sí ìdarí? Ẹ ṣí iwájú ọkọ̀, ẹ wá ike kékeré náà, ẹ nu ìdérí rẹ̀ kí ẹ sì kà á. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota àtijọ́, ẹ máa rí lẹ́tà mẹ́ta: A, T, F. Ẹ máa rí DEXRON pẹ̀lú, àti igi méjì tàbí mẹ́ta tó dúró: II, III. Igi wọ̀nyí kì í ṣe lẹ́tà o. Nọ́ńbà àwọn ará Róòmù àtijọ́ ni: 2 àti 3. Òróró pupa ni. General Motors ti Amẹ́ríkà ló fún un lórúkọ, òun náà ni wọ́n sì ń dà sínú gíà ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀. Láti ìparí ọdún 2006, General Motors kò fún ẹlòmíràn láṣẹ lórí DEXRON III mọ́, àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn ṣì ń ṣe òróró tó bá a mu. Ẹ wò ó lára ìgò bóyá wọ́n kọ DEXRON III síbẹ̀.

Honda kò jẹ ti Toyota. Ìdérí rẹ̀ sọ pé òróró ìdarí ti Honda nìkan ni kí wọ́n dà sí i. Púpọ̀ nínú Volkswagen àti Audi àwọn ọdún 1990 ń jẹ òróró aláwọ̀ ewé, nọ́ńbà rẹ̀ ni G 002 000. Citroën àtijọ́ tó ń gbéra sókè kó tó rìn, òun náà ń jẹ òróró aláwọ̀ ewé, àmọ́ LHM ni wọ́n ń pè é. Ewé ni méjèèjì, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kí ẹ má fojú wo àwọ̀ nìkan. Aró ni wọ́n fi pa òróró wọ̀nyí kí a lè tètè dá wọn mọ̀. Epo pupa tí a fi ń se ọbẹ̀ náà pupa.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra fún òróró tí wọ́n bù sínú ìgò ọtí lẹ́bàá ọ̀nà. Kò ní ìwé lára. Ta ló mọ ohun tó jẹ́? Èmi ò ní rà á, kódà bí wọ́n bá dín owó rẹ̀ kù sí ìdajì.

Nígbà mìíràn ìdérí ti sọnù, wọ́n ti fi ti ọkọ̀ mìíràn dè é. Ẹ wo ìwé ọkọ̀ náà bó bá wà. Bí kò bá sí, ẹ lọ bá ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Sokodé, kí ẹ sọ orúkọ ọkọ̀ àti ọdún rẹ̀ fún un. Bí irú òróró tí kò yẹ bá ti wọnú ike, ẹ má ṣíná ọkọ̀. Kí mẹkáníìkì kọ́kọ́ fà á jáde.

Láàárọ̀, kí ọkọ̀ tó rìn, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ wo bí òróró ti ga tó. Kó wà láàárín MIN àti MAX. Lára òmíràn wọ́n kọ COLD, ìyẹn ni tútù, àti HOT, ìyẹn ni gbígbóná. Nígbà ọyẹ́, ẹ nu eruku orí ìdérí dáadáa, nítorí iyanrìn díẹ̀ lè ha pọ́ǹpù jẹ. Bí òróró bá dúdú tó sì ń rùn bí ohun tó jóná, ó ti gbó. Bí ó bá ń hó bí ọṣẹ, afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́. Bí ẹ bá ń fi kún un lójoojúmọ́, ó ń jò. Ó lè jẹ́ páìpù tàbí rọ́bà tuntun ló ń fẹ́. Àwọn òògùn kan wà tí wọ́n ń tà pé ó ń dí ojú ibi tó ń jò. Lójú tèmi, ó dà bí kí a fi aṣọ di ọgbẹ́ tí a kò tíì fọ̀. Ẹ sọ fún awakọ̀ pẹ̀lú pé kó má yí volant dé òpin kó sì dì í mú pẹ́ níbẹ̀: pọ́ǹpù á máa gbóná lásán. Òróró tí a fà jáde, ẹ má dà á sí ẹ̀bá kànga.

Ní kíláàsì tó ń bọ̀, kí ẹni tó bá ní ìgò òróró ọkọ̀ tó ti ṣófo mú un wá, ìgò bíréèkì, ti ẹ́ńjìnnì, ti ìdarí, èyíkéyìí. A máa tò wọ́n sórí tábìlì. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ọ̀kan, kó ka lẹ́tà ara rẹ̀ sókè, kó sì sọ ike tó yẹ kí a dà á sí.