Ìsinmi Àfẹsẹ̀rìn Nínú Igbó: Ọ̀rọ̀ Tí A Bá Àwọn Ọmọ Ẹgbẹ́ Sọ Ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú

  

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó kọ́ ni ó gbé wa wá lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti àwọn tí wọ́n jẹ gbèsè tí wọn kò san. (Ìyẹn ń bọ̀ ní ìpàdé mìíràn, kí olúkúlùkù múra.) Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni a mú wá. Irú ìsinmi kan wà tí àwọn ènìyàn díẹ̀, bí mẹ́jọ sí méjìlá, máa ń lọ papọ̀. Wọn a fi ẹsẹ̀ rìn nínú igbó tàbí lórí òkè, ẹni kan tí ó mọ ibẹ̀ dáradára a sì máa ṣáájú wọn. Àwa ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́ ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe é, kí ó má sì ni ọmọ ẹgbẹ́ kankan lára.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dá a lábàá, ìyá wa kan tí wọ́n ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba fi wá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ta ni yóò san owó kí wọ́n tó jẹ́ kí ó rìn? Ìrìn tí a rìn láti oko wá sílé nígbà tí a wà lọ́mọdé kò tíì tó ni?" Ọ̀rọ̀ Màmá kì í ṣe èyí tí a lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn.

Òtítọ́ ni pé ọmọ Ìbàdàn kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rìn. Ilé wà nígboro, oko wà ní abúlé, ẹsẹ̀ ni ó sì so méjèèjì pọ̀. Gbogbo wa ni a gbọ́ ìtàn àwọn tí wọ́n sá gun òkè lẹ́yìn tí ogun tú ìlú Lágelú, tí ó jẹ́ pé èso òro àti ìgbín ni wọ́n fi gbé ẹ̀mí ró níbẹ̀. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, kò sí ọlọ́gbọ́n tí í dá rin ọ̀nà Ìjẹ̀bú, nítorí àwọn agbénipa àti ajínigbé. Ẹgbẹ́ èrò ni wọ́n máa ń kó jọ, ẹni tí ó mọ ọ̀nà a ṣáájú, olóhun ìjà a sì tẹ̀lé e. Nítorí náà, bí a bá ní kí ènìyàn kó ara wọn jọ, kí wọ́n fi ẹni tí ó mọ ọ̀nà síwájú, ohun tí àwọn baba wa mọ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: ìgbà wo ni a rìn bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn? Láti ibi tí a wà yìí dé Bẹẹrẹ, ọ̀kadà tàbí Mícrà ni. Àárọ̀ dé alẹ́, àwọn ìyá wa wà lórí àpótí nídìí igbá, àwọn aránṣọ wà nídìí ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ ń ru, ìtọ̀ ṣúgà ń pọ̀ sí i láàárín wa, ẹ̀yáwó tí a sì ń kọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn kò kéré. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó kéré tán, kí àgbàlagbà fi 150 ìṣẹ́jú ṣe iṣẹ́ ara tí ó mọ níwọ̀n lọ́sẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Bí ènìyàn bá sì ru ẹrù lọ sí ọjà, ẹrù ni ó ń rò, kì í gbójú sókè wo igi. Ìrìn ìsinmi yàtọ̀ sí èyí.

Ẹ jẹ́ kí a dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kan ẹgbẹ́ bí tiwa. Gbogbo wa ni wọ́n ti kọ́ ní ìtàn Rochdale, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti dá ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ní 1844. Ní Lancashire kan náà, ìlú kan ń jẹ́ Colne. Àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ibẹ̀ máa ń ti ilẹ̀kùn fún bí ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, àwọn òṣìṣẹ́ a sì rọ́ lọ sí etí òkun, wọn a ná owó tí wọ́n fi ọdún kan kó jọ. (Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin tí ẹ ń ra aṣọ ẹgbẹ́ lóṣù Kejìlá.) Àlùfáà kan tí ń jẹ́ T. A. Leonard rí i pé èyí kò dára. Ní oṣù Kẹfà 1891, ó kó àwọn bí ọgbọ̀n lọ sí Ambleside, níbi tí òkè àti adágún omi pọ̀ sí. Wọ́n rìn lórí òkè, wọ́n sì ṣírò owó rẹ̀ kí ó bá agbára òṣìṣẹ́ mu. Ní 1893 wọ́n dá Co-operative Holidays Association sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, Leonard rí i pé ẹgbẹ́ náà ti ń di ti àwọn tí ọwọ́ wọn dẹ̀, ó bá dá òmíràn sílẹ̀ ní 1913, Holiday Fellowship. Èyí wà títí dòní pẹ̀lú orúkọ HF Holidays. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ni ín, ìrìn ẹsẹ̀ pẹ̀lú atọ́nà ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí ahunṣọ Colne bá lè ṣe é ní 1891, kí ni kò ní jẹ́ kí aláṣọ Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú ṣe é?

Ibi tí a ó lọ kò jìnnà. Lọ́nà Ọ̀yọ́, lẹ́yìn Òjóò, ni IITA wà, ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967. Ilẹ̀ wọn tó bí 1,000 hẹ́kítà, igbó sì gba bí 350 nínú rẹ̀. Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé oko ni púpọ̀ nínú ibẹ̀ kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà. Wọ́n kàn dá a sí ni, igbó sì padà.

Ènìyàn mẹ́sàn-án ni wá nígbà tí a lọ, lẹ́yìn tí a ti gba àṣẹ. Aago méje òwúrọ̀ ni a wọlé, atọ́nà ní kí gbogbo wa pa fóònù. Fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá a kò rí nǹkan kan, àwọn kan tilẹ̀ ti ń wojú ara wọn. Lójijì ó gbé ọwọ́ sókè, a dúró, àtíòro méjì fò kọjá lókè wa, a gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn. Láti ìgbà náà lọ ni ojú wa là. Ó fi ibi tí ẹranko ti tẹ koríko mọ́lẹ̀ hàn wá, ó ní kí a fi ọwọ́ kan èèpo igi, kí a gbóòórùn rẹ̀. Bàbá kan wà nínú wa tí wọ́n ti ń ta pákó tipẹ́tipẹ́. Bí a bá di ojú wọn, wọ́n á mọ pákó arère yàtọ̀ sí ti ìrókò. Atọ́nà na ọwọ́ sí igi kan, ó bèèrè orúkọ rẹ̀, Bàbá kò mọ̀ ọ́n. Arère ni! Wọ́n mú ewé rẹ̀ tí ó já bọ́ sílẹ̀, tí ó là bí ìka ọwọ́, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Mo ti ta á tó báyìí, a kò tíì pàdé rí." Ewé náà ni wọ́n mú lọ sílé.

Ẹyẹ kan wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa pè nínú ìwé àwọn onímọ̀: Ibadan malimbe. Ẹbí ẹ̀gà ni, ó dúdú, orí àti àyà rẹ̀ pupa. J. H. Elgood ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní 1958, kò sì sí níbòmíràn lágbàáyé àyàfi ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ó máa ń wà nínú igbó IITA, ṣùgbọ́n a kò rí i lọ́jọ́ náà. Àwọn kan ń ti ọ̀nà jíjìn wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò ó, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ onílẹ̀ kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Bí ẹsẹ̀ bá ti mọ́ wa lára, a lè lọ sí Ìdànrè, níbi tí àtẹ̀gùn ti lé ní 600, tí ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà fún àgbà. Orí òkè yẹn ni ìlú wà kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀, ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ ṣì wà níbẹ̀. Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà náà wà, àti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ sínú ìwé ní 2005. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ fi ọkàn ẹni balẹ̀ mọ́ nítorí àwọn ajínigbé. A kò ní tan yín. Nígboro ni a ó ti bẹ̀rẹ̀: láti ibi yìí gba Màpó lọ sí Òkè Àárẹ̀, níbi ilé Láyípo tí wọ́n kọ́ ní 1936, kí ó tó kan IITA. Èyí tí ó jìnnà, ọ̀sán ni a ó máa rìn ín, lẹ́yìn tí a bá ti bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè.

Àwọn kan bi wá pé, èé ṣe tí kò fi ní jẹ́ gbogbo ẹgbẹ́, kí a gba bọ́ọ̀sì mẹ́ta? A mọ ẹgbẹ́ kan tí ó ṣe bẹ́ẹ̀, a kò ní dárúkọ. Wọ́n gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti kúlà ìrẹsì dání lọ sí ìdí omi kan tí ń dà láti orí òkè, wọn kò mú atọ́nà. Ilẹ̀ yọ̀, ìyá kan ṣubú, ọrùn ẹsẹ̀ wọn yẹ̀, ó sì pẹ́ kí àwọn tó wà níwájú tó mọ̀. Bí ènìyàn bá jẹ́ méjìlá, atọ́nà lè kà wọ́n ní wíwò ẹ̀ẹ̀kan. Ẹni tí ó rìn jẹ́jẹ́ jù ni yóò pinnu ìrìn gbogbo wọn. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn a gbọ́ ohun tí atọ́nà sọ, ẹyẹ kì í sì í sá.

Ní ti owó, a kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan owó ẹ̀yáwó. Kí àwọn tí wọ́n fẹ́ lọ dá tiwọn lọ́tọ̀. Bí ènìyàn 12 bá ń dá 500 náírà lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 26, ó di 156,000 náírà. Kí akápò kọ ọ́ sínú ìwé tirẹ̀, kí olùyẹ̀wé owó sì rí i. Ìpín atọ́nà ni kí a kọ́kọ́ yọ sọ́tọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí a má nájà fún un bí ẹni ń ra tòmátì. Ọdẹ tí ó rí owó gbà nítorí pé ó fi ẹranko hàn wá yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó yìnbọn sí i. Bí àwọn atọ́nà bá pọ̀ tó, àwọn náà lè kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ìpàdé àpapọ̀ ọdọọdún ni yóò pinnu bóyá kí a ṣe é tàbí kí a má ṣe é, nítorí náà ẹ lọ bá àwọn ará ilé yín sọ ọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ wà nínú méjìlá àkọ́kọ́, kí ó fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó tó di ọjọ́ náà, kí ó sì sọ bí ara rẹ̀ bá ní àìsàn kan tí atọ́nà gbọ́dọ̀ mọ̀. Bàtà tí ó di ẹsẹ̀ mú ni kí ó wọ̀, sálúbàtà kò ṣeé rìn nínú igbó. Màmá elélùbọ́ ti fi orúkọ tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń lọ wò ó bóyá a mọ ohun tí a ń sọ.