Akéde Ojú Kọ̀ǹpútà: Ta Ló Ń Kọ Ọ́?



Láyé àtijọ́, bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ fún ìlú, akéde ni yóò lu agogo yí àdúgbò ká. Ní ilé iṣẹ́ wa, pátákó ẹnu géètì ni akéde. Ní gáréèjì, ohùn alága ni. Akéde mìíràn ti dé báyìí: ọ̀rọ̀ tí ń yọ lójú kọ̀ǹpútà nígbà tí ẹni tó wà ní sítọ́ọ̀, tàbí ẹni tó ń kọ ìwé ẹrù ọkọ̀, bá fi orúkọ àti ọ̀rọ̀ àṣírí rẹ̀ wọlé. Púpọ̀ nínú wa kì í kà á. A kàn ń tẹ bọ́tìnnì, a sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ìdí nìyí tí a fi dìde sọ̀rọ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé idán ni. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo Linux, fáìlì kan wà tó ń jẹ́ /etc/motd. Bí ènìyàn bá wọlé síbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ kíkọ pàṣẹ fún ẹ̀rọ, ohun tí alábòójútó kọ sínú fáìlì yìí ni yóò rí. Òmíràn ń jẹ́ /etc/issue. Èyí ń hàn kí ènìyàn tó wọlé, nítorí náà àlejò àti olè pàápàá lè kà á. A kì í fi àṣírí ilé síbẹ̀. Lórí Windows, alábòójútó lè gbé ìkìlọ̀ síwájú ẹni tó fẹ́ wọlé, tí yóò ní láti tẹ OK kí ó tó kọjá.

Iṣẹ́ kékeré ni, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ìṣọ́ra. Ní àwọn ọdún 1960, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lo kọ̀ǹpútà kan tí ètò rẹ̀ ń jẹ́ CTSS. Alábòójútó kan ń tún ìkéde ọjọ́ náà kọ, èkejì ń tún fáìlì ọ̀rọ̀ àṣírí ṣe lákòókò kan náà. Orúkọ kan ṣoṣo ni ètò ìkọ̀wé náà fún ìwé ìgbà díẹ̀ àwọn méjèèjì. Ni fáìlì bá pààrọ̀ ara wọn! Ẹni tó bá wọlé, dípò ìkéde, ọ̀rọ̀ àṣírí gbogbo ènìyàn ló ń rí. Fernando Corbató, olórí àwọn tó ṣe CTSS, ròyìn rẹ̀ fúnra rẹ̀ nínú àsọyé ẹ̀bùn Turing ti 1990. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ohun méjì ni. Èkíní, bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́, tí wọ́n kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé kí ẹnikẹ́ni má tan án, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni ìkìlọ̀ náà ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n bí ìkìlọ̀ oṣù mẹ́ta sẹ́yìn bá ṣì wà níbẹ̀, ojú wa yóò ti mọ́ ọn lára. Lọ́jọ́ tí tuntun bá dé, a kò ní rí i.

Èkejì, ìkéde mìíràn ń sọ pé gbogbo ohun tí a bá ṣe ni wọ́n ń wò, pé bí a bá ti wọlé, a ti gbà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà ti 2023 sọ pé ìdákẹ́ kì í ṣe ìfọwọ́sí. Agbanisíṣẹ́ lè ní ìdí mìíràn tí òfin gbà, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ fún wa ìdí tó fi ń kó ọ̀rọ̀ nípa wa jọ.

Nítorí náà, ohun tí ẹ̀ka wa ń béèrè nìyí: kí gbogbo ìkéde ní ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́ bí àkókò rẹ̀ bá ti kọjá, kí ìkìlọ̀ tó kan ẹ̀mí wà ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí ìkéde nípa ṣíṣọ́ òṣìṣẹ́ má ṣe jáde láìjẹ́ pé a ti bá wọn jókòó lé e lórí.

Ẹ̀yin náà, ẹ kà á kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ẹni tí kò bá yé, kí ó bi aṣojú wa. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Akéde tó bá ń lu agogo lójoojúmọ́ láìní ìròyìn, ìlú kì í jáde sí i mọ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára wa.