Ìdí tí Iná Fóònù fi ń Tán Lóko Kí Ọ̀sán Tó Pọ́n

  Mo rí i lójú àwọn kan nínú yín pé ọ̀rọ̀ ajílẹ̀ ni wọ́n rò pé mo wá sọ. Rárá. Ọ̀rọ̀ fóònù ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n inú oko òwú ló ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fún mi láyè kí n sọ bó ṣe jẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ní abúlé kan lápá Ṣábẹ̀ẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ rí i pé etí ewé òwú ń pọ́n, ewé náà sì ń ká. Ó yí ewé kan padà, ó rí kòkòrò kéékèèké aláwọ̀ ewé tó ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Jásídì ni, èyí tó ń dà wá láàmú láti 2022. Àdéhùn wa ni pé ẹni tó bá rí i yóò ya fọ́tò rẹ̀, yóò fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí kì í ṣe gbogbo oògùn tó ń pa kòkòrò inú èso òwú ló ń pa jásídì. Akọ̀wé ya fọ́tò náà. Bó ti fẹ́ fi ránṣẹ́ ni fóònù kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ó fi síná lálẹ́ àná títí ó fi kún. Nígbà tó dé ilé, ojú ọ̀run ṣú, pláàkì oòrùn kò mú iná wá. Ọjọ́ kẹrin ni fọ́tò náà tó tẹ̀ mí lọ́wọ́. Kòkòrò ti dé oko aládùúgbò méjì. Òwú tí wọ́n ká níbẹ̀ kò tó san gbèsè ajílẹ̀ àti oògùn, ẹ sì mọ̀ pé gbogbo ẹgbẹ́ ló jọ dúró fún gbèsè yẹn.

Ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Ó ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé iná fóònù òun kì í pẹ́ mọ́. Mo ní bátìrì ló gbó, kó lọ ra òmíràn. Ó rà á. Tuntun náà sì ń tán bíi ti àtijọ́. Èmi tí mo máa ń bá yín wí pé ẹ má rí òwú tó pọ́n ewé kí ẹ kàn da ajílẹ̀ sí i, ẹ kọ́kọ́ hú u kí ẹ wo gbòǹgbò, èmi náà ni mi ò wo gbòǹgbò.

Nígbà tí mo wá bá a jókòó lóko ni mo bi í léèrè pé, "Bí ẹ bá wà nílé, ṣé iná náà ń tán báyìí?" Ó ní rárá, bí òun kò bá lọ sóko, ó ń di alẹ́ kó tó tán. Ìdáhùn yẹn ló là mí lójú. Bátìrì tó bá gbó, nílé lóko ni yóò ti máa tán. A ṣí ojú ìwé bátìrì nínú fóònù rẹ̀, níbi tí wọ́n kọ Batterie sí nínú Paramètres, tó ń fi ohun tó jẹ iná hàn. Kì í ṣe WhatsApp ló wà lókè, kì í ṣe orin. Réseau mobile ni. Rézò fúnra rẹ̀ ló ń jẹ iná, láìsí pé ó pe ẹnikẹ́ni.

Ohun tí mò ń pè ní rézò yìí ni àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní nẹ́tíwọ̀kì. Fóònù tó wà nínú àpò yín kì í sùn pátápátá. Ó ń tẹ́tí sí òpó rézò nígbà gbogbo, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á sì dáhùn pé òun wà níbí. Ẹ rò ó bí ẹni méjì tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lóko. Bí ẹnì kejì yín bá wà ní ebè tó tẹ̀ lé tiyín, ẹ ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Bó bá wà ní òdìkejì odò, ẹ ó pariwo títí ọ̀fun á fi máa dùn yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni fóònù. Tó bá ń fi 2G pè, tí òpó jìnnà, agbára tó ń fi ránṣẹ́ lè tó wáàtì 2. Tí òpó bá wà nítòsí, ó lè máà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn. Fóònù kan náà, ìpè kan náà.

Èyí tó tún burú ju ariwo lọ ni wíwá kiri. Bí fóònù bá pàdánù òpó, kò ní jókòó dúró. Á wá 4G, kò rí i. Á wá 3G, kò rí i. Á wá 2G. Bó bá rí 4G tó rẹ̀ dẹ̀dẹ̀, á so mọ́ ọn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ méjì, igi kan bọ́ sáàárín, ó já. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Ibi tí oko akọ̀wé yẹn wà, ọ̀pá rézò máa ń yọ kan, á pòórá, á tún yọ. Láti aago méje títí di mọ́kànlá, fóònù náà ń sáré kiri nínú àpò rẹ̀, òun kò sì mọ̀.

Ẹ máa rí lẹ́tà G yẹn lókè fóònù, 2G, 3G, 4G. Ìran ni ìtumọ̀ rẹ̀: ìran kejì, ìran kẹta, ìran kẹrin. Ìran kejì ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Fínlándì láti 1991, ó sì ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ní ọ̀pọ̀ oko tí mo ti dé, òun ló ń dé ibi tó jìnnà jù. Ìpè ń gba ibẹ̀ kọjá, lẹ́tà kúkúrú SMS ń gba ibẹ̀ kọjá, nọ́ńbà tí ẹ ń tẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ níwájú láti fi gba owó tàbí fi owó ránṣẹ́, òun náà ń gba ibẹ̀ kọjá. Kò sí èyí tó nílò íntánẹ́ẹ̀tì nínú wọn.

Nígbà tí mo sọ èyí ní Kétu, bàbá kan ní, "Ó dáa, ká kúkú fi gbogbo fóònù sí 2G títí ayé." Mo ní rárá, bàbá. Ẹ wo agbọ̀n tí obìnrin fi ń ru òwú àti kàmíọ̀n tó ń wá kó o lọ́jọ́ ọjà. Kàmíọ̀n ń mu epo, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ló rìn, ó parí, ó pa ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá ní kí agbọ̀n kó gbogbo òwú abúlé, ilẹ̀ á ṣú, yóò ṣú lọ́la pẹ̀lú. Fọ́tò ewé mẹ́ta lórí 4G tó dára, kíá ló lọ, fóònù sì padà sinmi. Lórí 2G, fọ́tò kan náà lè wà lójú ọ̀nà títí, kí iná máa jó ní gbogbo àkókò yẹn, nígbà mìíràn kó tún já lágbedeméjì. Nítorí náà 4G kì í ṣe ọ̀tá. Kàmíọ̀n tó rì sínú ẹrẹ̀, tí wọ́n ń tẹ epo sí i láìkúrò lójú kan, ìyẹn ni 4G alọ́pàá kan. Òun ni ẹ ń sá fún.

Kí ẹ tó kúrò nílé lọ sí oko tó jìnnà, ẹ ṣí Paramètres. Nínú àwọn fóònù kan ẹ ó rí Connexions, nínú òmíràn Réseau et Internet. Ẹ wọ Réseaux mobiles, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Mode réseau tàbí Type de réseau préféré. Ẹ ó rí ìlà bíi 4G/3G/2G, ẹ ó sì rí 2G uniquement. Bí 2G bá dúró dáadáa lóko yín, òun ni kí ẹ mú. Fóònù kò ní wá èyí tí kò sí mọ́. Tí ẹ bá padà délé, ẹ dá a padà sí ìlà gígùn yẹn. Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín ni ẹ ti máa gbọ́ ọ bí ẹ bá gbàgbé, nítorí WhatsApp á le bí àpáta. Àwọn fóònù kan kò ní ìlà 2G uniquement rárá. 3G ni ẹ ó mú níbẹ̀ bó bá ń dé oko yín, àbí kí ẹ lo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

Bí kò bá sí ọ̀pá kankan lóko, ẹ tẹ Mode avion, ibi tí wọ́n ya ọkọ̀ òfuurufú sí. Wíwá kiri dópin nìyẹn. Ẹ ó ṣì lè ya fọ́tò, aago á ṣì máa lọ. Bí ẹ bá ń bọ̀ wálé, tí ẹ dé orí òkè tí gbogbo yín mọ̀ pé rézò wà, ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ dúró níbẹ̀ díẹ̀, ẹ fi gbogbo fọ́tò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkàn mi balẹ̀ pẹ̀lú èyí ju kí ẹ máa gbìyànjú láti àárín oko lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: lọ́jọ́ tí ẹ bá ń fín oògùn, kí gbogbo yín má fi fóònù sí Mode avion. Oògùn lè mú èèyàn, kí ojú ẹni náà máa ṣú, kó máa bì. Ó gbọ́dọ̀ ní fóònù kan tó dúró lórí rézò, tó ní iná, kó sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò fín oògùn. Mo mọ̀ pé gbogbo ọjọ́ 14 ni iṣẹ́ yìí ń padà wá, ó sì ń di ohun tí a kò kà sí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á sí. Kí ẹni tó fín oògùn sì fọ ọwọ́ kó tó mú fóònù lọ sí ẹnu àti etí.

Ọ̀rọ̀ púùsì méjì. Púpọ̀ nínú yín ló ní púùsì méjì nínú fóònù kan, ti ẹgbẹ́ àti ti ara ẹni. Ẹnìkọ̀ọ̀kan wọn ló ń wá òpó tirẹ̀. Bí ọ̀kan kò bá ń dé oko yín rárá, òun ló ń jẹ iná èkejì. Ẹ lè pa òun nìkan nínú Paramètres láìyọ ọ́ jáde.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́bàá ààlà, bíi ti Ìlárá tó pín sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà, tiyín tún yàtọ̀. Òpó ìhín àti òpó ọ̀hún ni fóònù yín ń gbọ́, á máa fò lọ fò bọ̀. Yàtọ̀ sí iná, ó lè jẹ owó yín. Nínú Réseaux mobiles kan náà, ẹ pa Itinérance, kí ẹ sì wọ Opérateurs réseau, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín yan rézò tiyín dípò kí fóònù máa yan fún yín.

Àwọn ohun kéékèèké ló kù. Ojú fóònù tó mọ́lẹ̀ gan-an nínú oòrùn ń jẹ iná púpọ̀, ẹ bọ́ sábẹ́ igi kí ẹ tó wò ó. Ẹ pa Données mobiles nígbà tí ẹ kò bá fẹ́ fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹ má fi fóònù sílẹ̀ lórí alùpùpù nínú oòrùn tàbí lórí páànù. Ooru ń pa bátìrì tìkára rẹ̀, èyí tó bá sì bàjẹ́ báyẹn, kò sí mode kankan tó lè tún un ṣe.

Akọ̀wé tí mo sọ ìtàn rẹ̀ ti ń lo 2G lóko báyìí. Ó sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn pé òun délé lálẹ́ pẹ̀lú iná tó ku nǹkan bí ìdajì. Ó ní kí n san owó bátìrì tí mo ní kó rà. Mo ti ń san án díẹ̀díẹ̀.

Kí a tó fín oògùn àkọ́kọ́ lọ́dún yìí, mo fẹ́ kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan dán èyí wò fún ọjọ́ méjì, ní oko kan náà, pẹ̀lú iṣẹ́ kan náà. Lọ́jọ́ kìíní, ẹ fi fóònù sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ kọ iye iná tó wà nínú rẹ̀ nígbà tí ẹ jáde nílé àti nígbà tí ẹ padà. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi sí 2G, ẹ tún kọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tí ẹ fi ń ka kòkòrò, pẹ̀lú orúkọ oko àti iye ọ̀pá rézò tí ẹ rí níbẹ̀. Ẹ mú un wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. N ó fi wọ́n ya àwòrán abúlé yín, kí gbogbo wa lè mọ òkè tí a ó ti máa fi fọ́tò ránṣẹ́ láti oko kọ̀ọ̀kan.