Ẹgbẹ́ Akọrin Kékeré àti Ohùn Èdè Wa

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ìrolù, Rẹ́mọ

Ẹ̀yin akọrin tí ẹ ránṣẹ́ pè mí, ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹgbẹ́ akọrin kékeré àti iṣẹ́ tó lè ṣe fún èdè wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá irú àyè yìí.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń pè ní ẹgbẹ́ akọrin kékeré. Ènìyàn bí ogún tàbí ọgbọ̀n, ohùn mẹ́rin, láti trẹ́bù dé báàsì. Lọ́pọ̀ ìgbà kò sí dùùrù, ohùn ènìyàn nìkan ni. Ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Fínlándì ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú yín dé, ká lè rí ohun tí akọrin ṣe fún èdè kan. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà. Súwídìn ló ń ṣàkóso wọn títí di 1809, Rọ́ṣíà wá gba ilẹ̀ wọn, òmìnira kò sì dé títí di 1917. Fún ìgbà pípẹ́, èdè Súwídìn ni àwọn ọ̀mọ̀wé àti ìjọba ń lò. Èdè Finnish di ti àgbẹ̀ àti ará oko. Ní 1883, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Helsinki dá ẹgbẹ́ akọrin ọkùnrin sílẹ̀, Ylioppilaskunnan Laulajat, tí ń fi èdè Finnish kọrin. Ní 1894 ẹgbẹ́ náà ṣe ìdíje fún orin tuntun. Jean Sibelius, aṣẹ̀dá orin ọmọ ibẹ̀, mú ewì inú Kanteletar, ìyẹn àkójọ ewì ìbílẹ̀ wọn, ó sọ ọ́ di orin Rakastava. Ipò kejì ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n Rakastava ni ayé ṣì ń kọ títí dòní. Nígbà tó di 1962, ilé iṣẹ́ rédíò wọn dá ẹgbẹ́ akọrin kékeré kan sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní Helsinki Chamber Choir lónìí. Orin tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ni iṣẹ́ rẹ̀ gan-an. Ẹ fi èyí sọ́kàn: akọrin ló béèrè, aṣẹ̀dá orin ló dáhùn.

Tiwa ńkọ́? Orin ìsìn tí àwọn míṣọ́nnárì kó wá, ohùn òyìnbó ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n túmọ̀. Ohùn orin á máa gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Ní 1902, nínú ìwàásù tó lókìkí, àlùfáà Mojola Agbebi ka ìwé orin, dùùrù àti akọrin aláṣọ funfun mọ́ àwọn ohun tí kò pọn dandan fún ìsìn. Ní Abẹ́òkúta, àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ń fi ohùn Yorùbá ṣe orin ìyìn. Ní 1922 ó kọ wọ́n sínú àwo rẹ́kọ́ọ̀dù Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ dúró tì ni Thomas Ekundayo Phillips, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips ti Oǹdó. Ó kẹ́kọ̀ọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, ó padà wálé, ó sì di olórin àgbà ní Cathedral Church of Christ ní Èkó ní 1914. Kò fi ipò náà sílẹ̀ títí di 1962, ọdún méjìdínláàádọ́ta! Òun fúnra rẹ̀ ṣe orin ní Yorùbá, ó kọ́ akọrin rẹ̀ láti kọ ọ́, ó sì kọ ìwé lórí orin Yorùbá tó jáde ní 1953, níbi tó ti fi hàn bí ọ̀rọ̀ àti orin ṣe so pọ̀ lẹ́nu wa. Abẹ́ rẹ̀ ni Fela Sowande, aṣẹ̀dá orin, ti kọrin nígbà ọmọdé.

Àwọn kan wà tí mo ti ń bá jiyàn láti ìgbà tí irun orí mi ti dúdú. Wọ́n ní Yorùbá kì í kọrin ní ohùn mẹ́rin. Ẹnìkan á lé, àwọn yòókù á gbè é ní ohùn kan ṣoṣo. Wọ́n ní bí áltò àti báàsì bá ti gba ọ̀nà tiwọn, ọ̀rọ̀ á dàrú lẹ́nu wọn. Nítorí náà, kí a fi ohùn mẹ́rin sílẹ̀ fún òyìnbó. Ọ̀mọ̀wé ni wọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ mi ò gbà.

Ẹ lọ sí Èkìtì, ẹ lọ sí Ìjẹ̀ṣà, ẹ tẹ́tí sí orin ìbílẹ̀ wọn. Ohùn méjì ni ẹ ó gbọ́: bí dò bá wà lẹ́nu àwọn kan, mì á wà lẹ́nu àwọn kejì, bí ti òkè bá gòkè, ti ìsàlẹ̀ á tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kò dàrú, nítorí ohùn méjèèjì jọ ń rìn ni. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni kí ohùn kan máa gòkè, kí èkejì máa sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀kọ́ orin òyìnbó ṣe ń kọ́ni. Aṣẹ̀dá orin tó gbọ́ Yorùbá á jẹ́ kí wọ́n jọ rìn. Bó bá fẹ́ kí wọ́n pínyà, á ní kí áltò àti tẹ́nọ̀ máa kùn láìsí ọ̀rọ̀, tàbí kí ó wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá ohùn tiwọn mu. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, ó sì ṣeé ṣe. Àwọn tó ní kò ṣeé ṣe ń sọ fún ọ̀dọ́ pé kó má wulẹ̀ gbìyànjú, ohun tó sì ń dùn mí nìyẹn.

Nígbà tí mo jẹ́ ọmọ trẹ́bù ní Rẹ́mọ níbí, ọ̀gá akọrin wa máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ sólfà sójú pátákó, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ ká kọ ọ́. A ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ orin náà lẹ́nu bí ẹni ń bára wọn sọ̀rọ̀, títí tí yóò fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Kò sí gbohùngbohùn, ẹni tó wà ní ìjókòó ẹ̀yìn sì ń gbọ́ ohun tí à ń wí. Lónìí, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bínú, kíbọ́ọ̀dù ti bo ohùn yín mọ́lẹ̀. Owó aṣọ ẹgbẹ́ ń pé wọlé, owó ìwé orin kì í pé. Ó di ọ̀sẹ̀ ìkórè kí ẹ tó wá sí ìdánrawò. Kò dára bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ kékeré kò ní ibi tí ènìyàn lè sá pamọ́ sí: bí ẹnìkan bá ṣi ohùn ọ̀rọ̀ sọ, gbogbo ilé á gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò fún èdè wa.

Alága ti ń wo aago, mo rí wọn. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí Ayo Bankole, aṣẹ̀dá orin tó dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ láàrin àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní Èkó, tó sì kú ní 1976 kí ó tó darúgbó. MUSON, ìyẹn Musical Society of Nigeria, ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní orin l'Ékòó, Lagos City Chorale sì ń kọrin láti 1988. Yunifásítì Babcock tó kún fún ọ̀dọ́ kò jìnnà síbí, Ìlíṣàn ló wà. Ohùn kò wọ́n wa. Orin tuntun tí a kọ sílẹ̀ fún ohùn náà ló wọ́n.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ará Ìrolù. Ẹ yan ogún ènìyàn. Ẹ wá ọ̀dọ́ kan tó mọ orin kọ sílẹ̀, ẹ gbé oríkì ìlú yìí fún un kó fi ṣe orin ohùn mẹ́rin, ẹ sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ pé. Kí ọdún tó yí, ẹ kọ ọ́ níwájú Kábíyèsí Onírolù, láìsí kíbọ́ọ̀dù.