IṢẸ́ ILÉ, IṢẸ́ TÍ A KÌ Í KÀ SÍ IṢẸ́

(Ọ̀rọ̀ tí àwa òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì bá ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé gbogbogbòò)

Ẹ ní kí àwa tí a ti fẹ̀yìn tì wá sọ díẹ̀ nípa ìgbà èwe wa. A dúpẹ́. Àwọn baba wa ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà wa ni a gbé wá lónìí, ẹ bá wa tú u wò.

Ìlú Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti dàgbà, láàárín ọdún 1960 sí 1975. Ayé ṣílè àti tọ́rọ́ ni a bá, kí náírà tó dé ní January 1973. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1955 ni ó sọ wá di akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kí agogo iléèwé tó lù, a ti ṣiṣẹ́ ná.

Bí àkùkọ bá ti kọ, wọn kì í pè wá lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnì kan á mú ìgbálẹ̀, á máa gbá àgbàlá. Ẹlòmíràn á ká òṣùká, á gbé garawa, ó di ẹ̀rọ omi. Garawa ìgbà náà, agolo epo kẹrosíìnì tí a ti lò tán ni. Gálọ́ọ̀nù 4 ni ó ń gbà. Bí ó bá kún, ó tó kílò 18 lórí ọmọdé. Èyí tí kò tíì lágbára á pọn ààbọ̀. A ó lọ, a ó bọ̀, títí àmù yóò fi kún.

Níbi ẹ̀rọ omi yẹn, garawa ni ó ń tò, kì í ṣe ènìyàn. Bí ẹ bá gbé tiyín kalẹ̀, ẹ lè lọ jókòó, ààyè yín kò ní sọnù. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ọgbọ́n àgbọ́njù kọjá níwájú ẹlòmíràn, àwọn tó kù á ti garawa rẹ̀ dànù. A kì í bi í léèrè ọmọ ta ni í ṣe. Bí omi bá sì ti kún tán, kò sí ẹni tí ó lè dá a gbé rù ara rẹ̀. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ ni yóò bá ọ gbé e, ìwọ náà á dúró gbé ti ẹni tí ó kàn. Kí á tó mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ni a ti mọ̀ pé àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí.

Bí a bá ti iléèwé dé, iṣẹ́ mìíràn ń dúró. Ata ń bẹ lórí ọlọ. Ìkòkò ń bẹ nílẹ̀ tí a ó fi eérú àti kànrìnkàn họ ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ iyán, ọmọ odó méjì á wọ inú odó kan. Bí ẹnì kan bá ṣi ìgbà tirẹ̀, ọmọ odó á kọlu ara wọn, gbogbo ilé á sì gbọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó nu gíláàsì àtùpà. A ó fẹ́ èémí sí inú rẹ̀, a ó fi àkísà nù ún, a ó gé ẹnu òwú kí iná má baà máa rú èéfín. Ẹni tí ó bá fọ́ gíláàsì náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí! Ní alẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, a ó da èédú pípọ́n sínú áyọ́ọ̀nù, a ó máa fẹ́ ẹ, a ó sì ta omi sí i lára kí a mọ̀ bí ó bá ti gbóná tó láti lọ aṣọ iléèwé.

Bí a bá ń rántí, a máa ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ẹgbẹ́ wa mìíràn a sì máa sọ pé ọ̀lẹ ni ọmọ òde òní. Àwa kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Kí ọmọ wa má baà fi ọrùn ru ohun tí a rù ni a ṣe ń jà fún owó-oṣù. Èyí tí a fẹ́ sọ ni ohun tí àwọn tí ń yin ayé àtijọ́ máa ń gbàgbé.

Bí ọmọkùnrin bá ti gbálẹ̀ tí ó pọnmi tán, ó ti sá lọ síbi bọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin wà nídìí ààrò pẹ̀lú ìyá rẹ̀ títí di alẹ́. Ìyá náà ńkọ́? Òun ni ó kọ́kọ́ jí ní agogo 5 òwúrọ̀, òun ni ó sùn kẹ́yìn ní agogo 10 alẹ́. Wákàtí 17 nìyẹn, ọjà tí ó ń tà sì wà nínú rẹ̀. Ní ọdún 1919, ní Washington, àpérò àkọ́kọ́ Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé fọwọ́ sí wákàtí 8 lóòjọ́ fún òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Bàbá wa jẹ nínú èrè yẹn: bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ó ti dé. Kò sí ẹni tí ó béèrè ìgbà tí ìyá wa yóò ṣíwọ́. Ẹ̀yin ará, owó-oṣù bàbá nìkan kọ́ ni ó tọ́ wa. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ ni ó jẹ́ kí owó náà tó ná.

Kí ni èyí kan ẹ̀ka wa? Ó kàn án gan-an. A máa ń pe ìpàdé sí agogo 5 ìrọ̀lẹ́. Bí àwọn obìnrin bá dìde lọ ní agogo 6, a ó ní wọn kò ka ẹgbẹ́ sí. Ǹjẹ́ a béèrè ẹni tí ó wà nídìí ìkòkò nílé wọn? Ọkùnrin tí ó jókòó di agogo 8, ta ni ó ń bá a ṣe tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kejì le díẹ̀, ẹ má bínú. Iṣẹ́ tí àwa ṣe lọ́mọdé, inú ilé wa ni a ti ṣe é, a sì lọ sí iléèwé lẹ́yìn rẹ̀. Ti ọmọ ọ̀dọ̀ yàtọ̀. Wọ́n mú un wá láti abúlé, òun nìkan ni ó ń ṣe gbogbo rẹ̀, tí ọmọ onílé sì ń wọ bàtà lọ kàwé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé wà láti ọdún 2003. Òfin ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti ọdún 2004 ní dandan ni kí gbogbo ọmọ ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ títí dé ọdún kẹta ní iléèwé girama. Òfin kò yọ ọmọ ọ̀dọ̀ sílẹ̀.

Bí ó bá sì jẹ́ àgbàlagbà ni a gbà sílé, òṣìṣẹ́ ni. Ní ọdún 2011, Àjọ Iṣẹ́ Àgbáyé ṣe ìlànà kan, èyí tí í ṣe 189, pé kí òṣìṣẹ́ inú ilé máa sinmi fún wákàtí 24 gbáko lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin owó-oṣù tó kéré jù ti ọdún 2019 ní ilẹ̀ wa yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò tó 25 sílẹ̀. Nítorí náà, òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀rí ọkàn wa nìkan ni ó kù. Àwa tí a ń bínú sí ọ̀gá nítorí àjẹmọ́nú, ǹjẹ́ a rántí pé nílé, àwa náà ni ọ̀gá?

Ohun mẹ́ta ni a fẹ́ kí ẹ̀ka yìí jíròrò. Èkínní, kí a gbé ìpàdé kúrò ní ìrọ̀lẹ́ sí àárọ̀ Sátidé, kí tọkùnrin tobìnrin lè jókòó dé òpin. Èkejì, kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má ṣe fi ọmọ tí ó yẹ kó wà ní iléèwé ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá gba òṣìṣẹ́ sílé san owó rẹ̀ lóṣooṣù láìjẹ gbèsè, kí ó sì fún un ní ọjọ́ ìsinmi.

Èyí tí ó kù kò gba ìbò. Ẹ̀yin ọkùnrin, bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ wo ìdí ààrò. Bí ẹrù bá pọ̀ níbẹ̀, ẹ bá wọn gbé e.