Omi Tó Ń Ṣe Tín-ín-rín Nílé Ìdáná

Bí omi bá ń dà yàà ní balùwẹ̀ àmọ́ tó ń ṣe tín-ín-rín nílé ìdáná, táǹkì kọ́ ló ṣẹ̀. Ẹnu táàpù ni kí onílé kọ́kọ́ wò.

Ọ̀pọ̀ táàpù ìgbàlódé ló ní asẹ́ kékeré lẹ́nu. Bí onílé bá fọwọ́ yí i kúrò, tó gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, ó lè rí yanrìn wẹ́wẹ́, ìdọ̀tí páìpù, àti ohun funfun líle tí omi kànga máa ń fi sílẹ̀. Kó rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, kó sì fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù fọ̀ ọ́. Àwọn kan a máa sáré pe púlọ́ńbà kí wọ́n tó wo ibẹ̀, owó a sì lọ lásán.

Bí gbogbo táàpù bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Gíga táǹkì ni kí wọ́n wò. Omi gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi mítà 10 ga ju táàpù lọ kí agbára rẹ̀ tó pé báà 1.

Ní ti ọkọ̀ agbélé, ìyẹn ọkọ̀ téèyàn ń gbé inú rẹ̀ bí ilé, kò lè gbé táǹkì ga tó bẹ́ẹ̀. Pọ́ǹpù kékeré, tó sábà máa ń lo bátìrì fóòtì 12, ló ń ti omi rẹ̀. Bí bátìrì bá rẹ̀, omi náà á rẹ̀. Asẹ́ mìíràn sì tún wà níwájú pọ́ǹpù yẹn tó máa ń dí.