AYÉTÒRÒ, ÌLÚ TÍ ÒKUN Ń JẸ



Àwa tí a ń gbé Nkwelle Ezunaka mọ omi, nítorí Odò Ọya kò jìnnà sí wa. Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo dé Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni mo tó mọ ohun tí à ń pè ní ìgbì òkun. Igbókòdá ni mo ti wọ ọkọ̀ ojú omi. A kò tíì gúnlẹ̀ tí mo ti ń gbọ́ ariwo rẹ̀.

Ní ọdún 1947 ni àwọn apẹja onígbàgbọ́ kan, àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ ìlú náà dó nítorí inúnibíni. Orí ẹrẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé pákó sí. Àpò kan ni gbogbo owó ń wọ̀, inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bọ́ gbogbo ìdílé. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n sì fa iná mànàmáná.

Lónìí, òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ, àti ilé ẹ̀kọ́. Bàbá kan nawọ́ sí àárín ìgbì, ó ní, "Ibẹ̀ yẹn ni wọ́n bí mi sí." N kò mọ èsì tí mo lè fún un.

Ilé tiwa dúró níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ìtàn bí àwọn bàbá wa ṣe dé ibí sílẹ̀? Àwọn àgbà wà láàyè. Ẹ jẹ́ kí a bi wọ́n, kí ìtàn wa má baà bómi lọ.